Ìgbà wo lẹ mọ̀ lára pé ẹ ti di paramedic, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú áńbúláǹsì?

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, London

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń béèrè ìgbà tí èèyàn máa ń kúrò ní ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé áńbúláǹsì kiri. Mo mọ̀ pé òfin ló ń dáàbò bo orúkọ "paramedic" ní Britain: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn kò tíì kàn mí nígbà tí nǹkan yí padà nínú mi.

Kì í ṣe ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀rù ni aṣọ yẹn dá sí mi lára, torí bí a bá ti wọlé, èmi tí mo jẹ́ ẹnì kẹta nínú ọkọ̀ ni àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń dá ìbéèrè bò. Kì í sì í ṣe ọjọ́ ìjàǹbá ńlá. Bàbá àgbà kan ló ṣubú nílé wọn ní Peckham, lóru. Wọn ò forí gbá nǹkan, eegun kankan ò ṣẹ́, wọn ò sì lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. A gbé wọn dìde. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi wò mí, ó ní, "Kí la fẹ́ ṣe?" Ó sì dákẹ́.

Gbígbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn kò le. Ká fi wọ́n sílẹ̀ sílé, ká sì fọwọ́ sí i, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Mo ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, ó dáa. Mo wọn BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ní ìdùbúlẹ̀, òkè rẹ̀ jẹ́ 142. Wọ́n dìde, mo tún un wọ̀n: 108, ó já wálẹ̀ jù. Mo bi wọ́n léèrè oògùn, wọ́n fa páálí kan yọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún tàtijọ́. Mo ní ká pe dókítà kó yẹ oògùn náà wò, kí ọmọ wọn sì wá sùn tì wọ́n. Ọ̀gá mi ní, "Ó dáa, kọ ọ́ sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí ará ilé bá ní áńbúláǹsì ni mò ń wà, ìtàn bàbá yìí ni mo máa ń sọ fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Amẹ́ríkà

Ìtàn ló mú tèmi wá. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní kíláàsì wa. Olùkọ́ wa wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ áńbúláǹsì Freedom House ní ìlú Pittsburgh: ní 1967, àwọn aláwọ̀ dúdú láti àdúgbò Hill District, tí ọ̀pọ̀ wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ni Dókítà Peter Safar ṣètò ẹ̀kọ́ fún. Wọ́n wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó tọ́jú aláìsàn nínú ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú wọn, ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ ìgbókùú ló ń gbé èèyàn. Ìjọba ìlú fòpin sí Freedom House ní 1975. Mi ò rò ó mọ́ láti ìgbà náà bóyá mo yẹ níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́, Èkó

"Ta ni ẹ́?" la ń gbọ́ jù níbí. Ọ̀kadà gbá ọkùnrin kan lọ́nà Ìkòròdú. Ká tó dé, àwọn èèyàn ti dì í mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé e sínú dáńfó. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo ké sí wọn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e, ọrùn rẹ̀!" Bàbá kan ní, "Ta ni ẹ́, ọmọdé yìí?" Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọkùnrin náà mú kó má mì. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, iṣẹ́ mi ni. Ẹ bá mi dá wọn sẹ́yìn." Bàbá yẹn gan-an ló lànà fún wa. Láti 2001 ni LASAMBUS, iṣẹ́ áńbúláǹsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ti wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ìtọ́jú ń bẹ nínú ọkọ̀ náà.

Ará London, nígbà tí ọ̀gá yín dákẹ́, ta lẹ wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, London

Bàbá náà ni. Àwọn ló ni ara wọn, àwọn ló máa kọ́kọ́ gbà kí n tó pe dókítà. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ti sú àwọn, kí n pe ọmọ àwọn wá.