Àdírẹ́ẹ̀sì sáìtì mi kún fún ? àti &, Google ò rí mi, ẹ gbà mí o

Àǹtí Gàrí, Dublin:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ Aláre, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà ẹ kú iṣẹ́ ajé. Mo ní sáìtì kan tí mo fi ń ta gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀lùbọ́ fáwọn èèyàn wa níbí, ojúlówó tó kan dáadáa, àwọn ìyá kan ló ń bá mi yan án ní Ìjẹ̀bú Igbó, àbúrò mi tó wà nílé ló kọ sáìtì ọ̀hún. Téèyàn bá wá gàrí Ìjẹ̀bú lórí Google tèmi ò yọjú, àfi kó tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Wọ́n ní àdírẹ́ẹ̀sì tó gùn bíi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣágámù ló fà á, ẹ wò ó: product.php?id=27&cat=3&PHPSESSID=8f2a91. Ṣóòótọ́ ni?

Ọmọ Ṣágámù, London:
Àǹtí, ẹ fi Ṣágámù wa sílẹ̀ jàre 😂. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Google máa ń ka àdírẹ́ẹ̀sì tó ní ? àti &, àwọn fúnra wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ látọdún 2008. PHPSESSID yẹn gan-an ni ọ̀daràn, torí gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ló ń gba nọ́ńbà tiẹ̀, ojúewé gàrí kan ṣoṣo á wá di ọgọ́rùn-ún lójú Google, kò ní mọ èwo ni kó gbé jáde. Kí nọ́ńbà yẹn má bàa wọnú àdírẹ́ẹ̀sì mọ́, kí àbúrò yín kọ́kọ́ fi session.use_only_cookies sí 1 àti session.use_trans_sid sí 0 nínú ètò PHP.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fún ọjà kọ̀ọ̀kan lórúkọ téèyàn lè kà. Tó bá jẹ́ Apache ni server yín (ètò tó ń gbé sáìtì jáde fáwọn èèyàn), kó kọ èyí sínú fáìlì .htaccess:

RewriteEngine On
RewriteRule ^oja/([a-z0-9-]+)$ product.php?slug=$1 [L]

Oníbàárà á rí /oja/gari-ijebu-5kg, ṣùgbọ́n product.php náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé. Kó fi slug, ìyẹn orúkọ ọjà tó máa hàn nínú àdírẹ́ẹ̀sì, kún database, kó jẹ́ lẹ́tà kékeré gbogbo, àmì - ni kó fi pín ọ̀rọ̀, kì í ṣe _. Tó bá jẹ́ Nginx ni server yín, kò tiẹ̀ ní wo .htaccess rárá, inú config (fáìlì ètò) tiẹ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí.

Ìyá Ewùrà, Houston:
WordPress lèmi fi ṣe sáìtì tèmi o, ṣé mo máa kọ gbogbo jágbajàgba yìí?

Ọmọ Ṣágámù, London:
Rárá mà. Settings, Permalinks, ẹ mú Post name, ẹ tẹ Save, ó parí.

Bọ̀ọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́, Toronto:
Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí kẹ́ ẹ má bàa ṣe irú ẹ̀. Èmi ní Yorùbá mi ò gbọ́dọ̀ sọnù, mo bá fi àmì ohùn sínú àdírẹ́ẹ̀sì, mo kọ /ẹ̀lùbọ́. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ohun tó jáde rè é: /%E1%BA%B9%CC%80l%C3%B9b%E1%BB%8D%CC%81. Ìyàwó mi ní ṣé àwọn olè ti wọ fóònù mi ni. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, lójú wa bákan náà ni, lójú server ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹlòmíì á fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, 404 (ojúewé ò sí) ló máa bá. Ẹ kọ elubo lásán sínú àdírẹ́ẹ̀sì, kẹ́ ẹ wá fi gbogbo àmì yín sí àkọlé àti inú ojúewé, ibẹ̀ làmì ti wúlò.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, fọ́tò mi pòórá lọ́jọ́ tí mo yí i padà. Mo kọ images/elubo.jpg, bíráúsà rò pé inú /oja/ ló wà. /images/elubo.jpg ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má gbàgbé / iwájú yẹn.

Àǹtí Gàrí, Dublin:
Ẹ ṣé gan-an bọ̀ọ̀dá. Àmọ́ mo ti tẹ líǹkì àtijọ́ sórí ìwé ìpolówó tí mo pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé gbogbo ẹ̀ ti wọgbó nìyẹn?

Ọmọ Ṣágámù, London:
Kò wọgbó o. Ẹ fi 301, àmì pé ojúewé ti kó lọ pátápátá, darí ti àtijọ́ síbi tuntun, ọjà sí ọjà, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ lọ sójúewé àkọ́kọ́. Google ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má yọ ọ́ mọ́ láé, ṣó ń jẹun ni? THE_REQUEST (ohun tí bíráúsà béèrè gan-an) ni kí àbúrò yín fi dá àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ mọ̀, tó bá jẹ́ pé id náà ló ṣì ń lò lẹ́yìn ilé tó sì fi QUERY_STRING (ohun tó wà lẹ́yìn àmì ?) wò ó, á máa yí po lójú kan ni, bíráúsà á ní redirect ti pọ̀ jù. Kó fi rel="canonical", tó ń sọ fún Google èwo ni ojúlówó àdírẹ́ẹ̀sì, sí ojúewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kó sì yí líǹkì inú sáìtì àti sitemap (àkójọ àwọn ojúewé fún Google) sí tuntun.

Ìyá Ewùrà, Houston:
Mo ní ojúewé fún Ojúde Ọba tẹ́gbẹ́ wa máa ń lò, ṣé kí n fọdún sí i?

Bọ̀ọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́, Toronto:
Ẹ má fọdún sí i mà. /ojude-oba ti tó, ọdọọdún lẹ máa pààrọ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀, àwọn líǹkì tí wọ́n ti ṣe sí i lẹ́sìí á ṣì wúlò fún yín.

Àǹtí Gàrí, Dublin:
Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní owó iṣẹ́ tuntun ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni lóòótọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ilé ránṣẹ́ ní inbox, tilé o, kì í ṣe ti wẹ́ẹ̀bù, gàrí ń bọ̀.