Láítà onípẹtiróòlù mi ti ń ta iná padà o

Ẹ ṣeun o fún ìmọ̀ràn yín, láítà mi tí mo ní iná ẹ̀ ò ta dáadáa bí mo tiẹ̀ ti fi òkúta tuntun (òkúta kékeré tí wíìlì ẹ̀ máa ń họ kí iná tó ta) sí i, ó ti yanjú. Òkúta kọ́ rárá, ìyẹ̀fun òkúta àtijọ́ ló dì sáàárín eyín wíìlì ẹ̀, wíìlì wá kàn ń yọ̀ lórí òkúta ni, kò họ ọ́. Mo tú síkúrúù ìdí ẹ̀, mo yọ sípíríǹgì àti òkúta, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbo eyín wíìlì yẹn títí ó fi mọ́. Ẹ rọra tú síkúrúù yẹn ṣá, sípíríǹgì ẹ̀ lè fò síni lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n pààrọ̀ pẹtiróòlù, ẹ má bínú, òwú tó ń jó nínú ẹ̀ ló ń lo ìyẹn, kò kan òkúta. Ó ti ń ta pàrà báyìí, ó tán síbẹ̀.