Iná ló ń jẹ́ kí igi sequoia bímọ, àbí iná ló ń pa á?

Títí: Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Kalifọ́níà, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé iná ló ń jẹ́ kí igi sequoia ńlá yẹn bímọ, kí wá ló dé tí wọ́n tún ń pariwo pé iná ń run ún? Ó tojú sú mi o.

Bọ̀dá Fresno: Òótọ́ ni méjèèjì. Èso ẹ̀ tó ẹyin adìẹ, ó lè wà lórí ẹ̀ka ní tútù, kó dì pa fún bí 20 ọdún, tí iná bá jó nísàlẹ̀, ooru á gbẹ ẹ́, á là, irúgbìn tó fẹ́lẹ́ bí èèpo ìrẹsì á wá já bọ́ sórí eérú. Àmọ́ iná kékeré là ń wí o! Ọ̀dá 2012 sí 2016 ti pa àwọn igi míì tó yí wọn ká, gbogbo ẹ̀ di igi ìdáná, nígbà tí iná 2020 àti 2021 wá dé, ó gun òkè pátápátá, ó jó èso mọ́ ìyá ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó bá hù gan-an ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀kan níbẹ̀, kò ga ju ìka mi lọ. Yìnyín orí òkè ti ń tètè yọ́, ilẹ̀ á gbẹ kí gbòǹgbò tó dé ibi omi. Ó dùn mí.

Títí: Ẹ ṣé mà. Ṣé wọn ò lè gbìn ín ni?

Bọ̀dá Fresno: Wọ́n ti ń gbìn ín níbi tí ìyá igi ti kú tán. Àwọn kan ní kí wọ́n fi igbó náà sílẹ̀ kó hù fúnra ẹ̀, èmi ò gbà.