Ìwé aláwòrán mi àkọ́kọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìpolówó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Ìwé aláwòrán fún ọmọ ọdún 4 sí 7 ló fẹ́ jáde n'Íbàdàn: ojú-ìwé 32, ẹ̀dà 500, Yorùbá pọ́ńbélé.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì, Àyájọ́ Èdè Abínibí, ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó: 10 fún kíkà, ìyókù fún orin àti àwòrán yíyà. Lẹ́tà tó sọ iye owó ìwé gbọ́dọ̀ ti dọ́wọ́ òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọmọ wo ló máa mówó wá nígbà tí ìyá ẹ̀ ò gbọ́? Ṣé kí ilé ìwé gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́ méjì, àbí owó díẹ̀ lórí ohun tó bá tà?

Ti ṣọ́ọ̀bù tó máa bá mi tà á ló ń kọ mí lóminú. Tí wọ́n bá yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìwé ₦3,000, ₦1,800 ló kù. Títẹ ẹ̀dà kan jẹ́ ₦1,500. ₦300 péré nìyẹn, a ò tíì yọ owó ọkọ̀! Ẹ̀dà mélòó lẹ máa ń kó fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ìgbà wo lẹ sì ń padà lọ ṣírò owó?

Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ǹtì (irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) wo lẹ fi ń ṣe àwòrán ìpolówó WhatsApp? Èyí tí kò gba àmì ohùn máa ń sọ "ẹ̀" di àpótí, tàbí kí àmì fò sórí lẹ́tà kejì.