Skáànì fún iṣan tó ń fò: próòbù wo, iṣan wo?

OníSkáànì_Ìbarà
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti ń kọ ìwé sí wa báyìí pé ká wo fasciculation (kí iṣan máa fò fúnra rẹ̀) lára ẹni tí wọ́n fura pé ó ní MND, àìsàn tó ń ba àwọn nerve tó ń darí iṣan jẹ́. Próòbù méjì la ní: olórí roboto ti aláboyún, 3.5 MHz, àti olórí pẹrẹsẹ tí a fi ń wo gẹ̀gẹ̀ àti ọmú. Èwo ni kí n lò, báwo ni kó ṣe pẹ́ tó? Ṣé ó sì lè rọ́pò EMG, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ki bọ iṣan láti gbọ́ iná inú rẹ̀, tí wọ́n ń rán aláìsàn lọ ṣe n'Ìbàdàn?

AláwòránIṣan
Olórí pẹrẹsẹ ni. 7 sí 15 MHz lẹ fẹ́, kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 3 sí 4 cm. Itan ẹni tó sanra lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sẹ́tìǹgì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ pa persistence. Ńṣe ló ń po àwòrán mélòó kan pọ̀ kí ojú rẹ̀ lè dán, bẹ́ẹ̀ iṣan tó fò kì í sábà ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí ẹ̀rọ tó pò ó tán, ó ti lọ. Ẹ pa compound náà (tó ń ya àwòrán láti igun mélòó kan), kí focus (ibi tí àwòrán ti mọ́ jù) sì jẹ́ ẹyọ kan, torí compound àti focus púpọ̀ ń dín iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù. Ẹ má jẹ́ kó wá sábẹ́ 25.

Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó tú ara ká, ìrọ̀rí lábẹ́ apá àti orúnkún. Jẹ́ẹ̀lì tó pọ̀, próòbù ní ìdábùú iṣan, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín lé ibùsùn: bí ọwọ́ yín bá gbọ̀n, gbogbo àwòrán ló máa mì, bó bá jẹ́ iṣan ló fò, apá kan nínú rẹ̀ ló máa ta fìrì. Ìṣẹ́jú àáyá 30 fún iṣan kọ̀ọ̀kan. Fídíò lẹ ó fi pamọ́ o! Fọ́tò kò wúlò rárá fún èyí, mi ò mọ ìdí tí àwọn kan ṣì fi ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Abẹ́rẹ́Tínrín
Ẹ jẹ́ n fi ti iṣan kún un. Biceps (iṣan iwájú apá), iṣan àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, iwájú itan, iwájú ojúgun, ikùn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ahọ́n. Ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀yìn ojúgun nìkan kò tó, torí ó máa ń fò lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Kó fọ́n ká apá, itan àti àyà ló ń múni fura.

Èyí tó ń lọ déédéé bí ọkàn ṣe ń lù, òpó ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ tan Doppler, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn, kẹ́ ẹ rí i. Ní ikùn, ẹ ṣọ́ èémí. Ẹ dín AC kù, òtútù á mú iṣan gbọ̀n.

Ní ti EMG: orí abẹ́rẹ́ ò gbọ́ ju àyíká kékeré kan lọ, skáànì ń wo gbogbo ìbú iṣan, ìdí nìyẹn tó fi ń rí iṣan tó ń fò ju bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rí i lọ. Àmọ́ fibrillation (kí fọ́nrán iṣan kọ̀ọ̀kan máa gbọ̀n fúnra rẹ̀) sábà máa ń kéré jù fún un. Ìlànà Awaji ti 2008, tí àwọn dókítà fi ń dá MND mọ̀, gbà kí fasciculation jẹ́ ẹ̀rí bíi fibrillation, ṣùgbọ́n ní iṣan tí EMG ti fi hàn pé nerve rẹ̀ ti ń bàjẹ́ ni. Nítorí náà skáànì kò lè rọ́pò EMG. Yóò kàn tọ́ka ibi tó yẹ kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀.

Ẹlẹ́rọ_Àwòrán
Ẹ béèrè oògùn kẹ́ ẹ tó kọ èsì. Neostigmine àti pyridostigmine ń mú iṣan fò, DDVP tí wọ́n ń fín kòkòrò náà ń ṣe é bó bá wọra púpọ̀. Multifocal motor neuropathy, àìsàn nerve mìíràn, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú, nítorí náà ẹ má kọ "MND" sí èsì. Ẹ kọ iṣan tó fò àti iye ìgbà.

MRI náà ń rí i. Àwọn ará Yunifásítì Newcastle ní England ń fi diffusion (ọ̀nà MRI tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ara) ṣe é: ibi tí iṣan ti fò á dúdú nínú àwòrán. Ìwádìí ni títí di ìsinsìnyí.

OníSkáànì_Ìbarà
Ẹ ṣé gan-an. Ahọ́n ńkọ́? Ṣé kó yọ ọ́ síta?

Abẹ́rẹ́Tínrín
Rárá o. Ahọ́n tó bá yọ síta, ti ẹnikẹ́ni ló ń gbọ̀n. Kó pa ẹnu dé, kó má gbé itọ́ mì, kẹ́ ẹ gbé próòbù sábẹ́ àgbọ̀n.