Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ snow lójú àlá?

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, láti ìjẹta lọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo lá àlá pé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Abẹ́òkúta níbí, mò ń ká aṣọ, ni nǹkan funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ látòkè, kì í ṣe yìnyín tiwa tó máa ń lu páànù gbà-gbà-gbà tá a máa ń ṣà jẹ lọ́mọdé o, èyí rọ̀ bí òwú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní snow lókè òkun. Ó bo gbogbo àdìrẹ tí mo sá sórí okùn, aró tó dúdú kirikiri ò hàn mọ́, mo gbójú sókè wo Olúmọ, òun náà ti funfun báláú. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ọjà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìtòkú o! Mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan.

Ọmọ mi ọkùnrin kan ṣoṣo wà ní Kánádà, oṣù karùn-ún rèé tó lọ. Wòlíì kan tí mo sọ fún ní aṣọ òkú ni, pé kí n mú ₦80,000 wá fún ìtúsílẹ̀. Owó aró ni mo ní nílẹ̀. Ṣé kí n san án?

Ìyá Ìjọ, Aké: Ìyá mi, ẹ má sanwó fún ẹnì kankan. Ẹ ka Àìsáyà 1:18, òjò dídì yìí náà ni Ọlọ́run fi ṣàpèjúwe bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa mọ́. Kódà nínú Bíbélì wa àtijọ́, Orin Dáfídì 51:7, ibi tí Òyìnbó kọ snow sí, "ẹ̀gbọ̀n òwú" làwọn bàbá wa fi túmọ̀ ẹ̀, torí ta ló rí i rí nílẹ̀ yìí nígbà yẹn? Ẹ̀yin náà sì ní ó rọ̀ bí òwú.

Alfa Kóbapẹ́: Ọ̀nà mẹ́ta ni àlá pín sí lọ́dọ̀ tiwa: ti Ọlọ́run, ti èṣù, àti èyí tí ọkàn èèyàn ń bá ara ẹ̀ sọ. Tó bá dẹ́rù bà yín, ẹ tutọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ wá ìṣọ́ra Ọlọ́run, kẹ́ ẹ yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ànábì fúnra wọn máa ń tọrọ pé kí Ọlọ́run fi omi, snow àti yìnyín wẹ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn nù, báwo ló ṣe wá máa jẹ́ aṣọ òkú? Tèmi, ẹ̀ka kẹta yẹn ni mo fura sí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Winnipeg: Mọ́mì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn kì í ṣe ti ikú o. Tí snow bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀ láàárín ẹ̀, á wá gbé ariwo mì, mọ́tò á kọjá níwájú ilé ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ṣe ni mo rò pé etí mi ti di. Ṣé ẹ rí ọmọ yín lórí fídíò kẹ́ ẹ tó sùn? Kí ló wọ̀?

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú: Haa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló pè mí, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì, snow wà lórí irun ẹ̀. Súwẹ́tà tí mo rà fún un ní Kútò kó tó lọ ló wọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Winnipeg: Mọ́mì, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òtútù ibí lè dé -30 ní January, súwẹ́tà ò lè gbà á. Ẹ pè é, ẹ má bi í bóyá ó wà dáadáa torí á ní dáadáa lòun wà. Kótù ẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú: Mo ti pè é. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá ní owó ilé ló gbé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ òun lọ, pé òun ò fẹ́ kí n máa ronú. Mò ń lọ sí báǹkì láàárọ̀ ọ̀la. Ọmọ mi ti Winnipeg, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ní kó rà, ṣé èyí tó gùn dé orúnkún ni àbí èyí tí wọ́n kó ìyẹ́ sí nínú?