Fífọ búrọ́ọ̀ṣì mekọ́ọ̀pù nílé: ìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán ni iṣẹ́ kù

Láti Ìbàdàn

Àǹtí tó ń béèrè pé kí ló dé tí irun búrọ́ọ̀ṣì òun fi ń já sójú oníbàárà, ọ̀rọ̀ yín kàn mí gan-an. Àwọn ìyàwó ni mo sábà máa ń ṣe mekọ́ọ̀pù fún, àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn tó bá wọ aṣọ ẹbí. Tó bá fi máa di alẹ́ Sátidé, búrọ́ọ̀ṣì tó dọ̀tí ti kún àpò mi.

Ẹ wo ọrùn búrọ́ọ̀ṣì yín dáadáa, níbi tí irin tó ń dán yẹn ti di irun mú. Gúlúù wà nínú irin yẹn. Òun ló di irun pọ̀ sójú kan, òun náà ló so irin mọ́ igi tí a ń dì mú. Omi tó bá ráyè wọ ibẹ̀ kì í jáde bọ̀rọ̀. Gúlúù á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, igi á wú, ọ̀dà ara igi á sán, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni irun á wá máa já. Púpọ̀ nínú wa ló ń bú ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń sá a ló ń bà á jẹ́. A ó fọ̀ ọ́ tán, a ó wá gbé e dúró nínú kọ́ọ̀pù, irun lókè, igi nísàlẹ̀. Ibo ni omi fẹ́ ṣàn sí? Inú irin yẹn náà ni.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe gbígbóná. Mo máa ń dojú búrọ́ọ̀ṣì kọ ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí irun nìkan ló sì ń kan omi. Mo á da ṣampú ọmọdé díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo á máa yí irun náà lórí rẹ̀ títí omi aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn á fi tán. Èyí tí mo fi pa foundation olóròóró, ìyẹn ìpara tí a kọ́kọ́ ń pa kí àwọ̀ ojú lè dọ́gba, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń lò fún un, nítorí ṣampú nìkan kì í ká òróró yẹn. Mo á fi táwẹ́lì tẹ omi kúrò, mi ò ní fà á, mo á sì fi ìka tún orí rẹ̀ ṣe kó padà sí bó ṣe wà.

Ibi tó kù yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Mo máa ń ká táwẹ́lì sábẹ́ igi rẹ̀ létí tábìlì kí ìdí rẹ̀ ga díẹ̀, orí irun á wá yọ síta kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà òjò, mo ń fi pẹ́ẹ̀gì há a sórí okùn nínú yàrá, orí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Nígbà ọyẹ́, kíá ló ń gbẹ. Àwọn búrọ́ọ̀ṣì páúdà ńláńlá ló ń tanni jẹ: ara wọn á ti gbẹ, inú wọn ṣì rin. Ẹ ya irun náà sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi ìdí irun náà kan ètè. Tó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ má kó o sápò.

Láti Abẹ́òkúta

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Kí n fi ti ọṣẹ dúdú kún un, torí mo rí i pé àwọn kan ń yìn ín níbí. Mo ń fi í fọ àwọn búrọ́ọ̀ṣì onínáílọ́ọ̀nù mi, ó sì ń ká foundation dáadáa. Àmọ́ èyí tó jẹ́ irun ewúrẹ́, ó gan bí ìgbálẹ̀. Eérú èèpo kòkó ló wà nínú ọṣẹ wa, omi eérú sì le fún irun ẹran, gẹ́gẹ́ bó ṣe le fún irun orí tiwa. Ṣampú ni kẹ́ ẹ lò fún onírun ẹran.

Láti Birmingham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí, orí ẹ̀rọ amúlégbóná ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sá tiwọn sí nígbà òtútù. Ooru yẹn ń rọ gúlúù, ó sì ń ká irun onínáílọ́ọ̀nù kò. Orí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ni mo ń sá tèmi sí.

Ẹ má gbàgbé fóòmù kékeré tí a fi ń tẹ foundation mọ́jú. Ọdún 2019 ni Fásitì Aston tó wà ní ìlú wa yìí gbé ìwádìí jáde lórí ohun ìṣaralóge 467 táwọn èèyàn ti ń lò. Ìdá 93 nínú 100 fóòmù náà ni àwọn tó ni wọ́n ò fọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìdá 64 nínú 100 ti bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí. Fóòmù yìí ni kòkòrò àìfojúrí pọ̀ sí jù, torí ó máa ń rin. Látìgbà tí mo ti kà á ni mi ò ti dé tèmi mọ́ inú ike rẹ̀ mọ́ títí tó fi gbẹ.

Láti Èkó

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó níbi ìgbéyàwó kan. Búrọ́ọ̀ṣì ojú kan náà ni aṣemekọ́ọ̀pù yẹn lò fún gbogbo wọn, ó kàn ń nù ún mọ́ tíṣù. Ojú ọ̀kan lára wọn ti pọ́n kí wọ́n tó jókòó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Apollo ti mú àbúrò mi àti àwọn mìíràn lára wọn. Inú bí mi gidigidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin oníṣẹ́, kí lẹ ń ṣe láàárín oníbàárà kan sí èkejì?

Láti Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ọmọ náà ò ní tún rí irú ẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ bá pọ́n, mi ò ní fọwọ́ kan ojú náà rárá, ìyàwó ìbáà jẹ́. Láàárín oníbàárà, isopropyl 70%, ìyẹn sípíríìtì tó ń pa kòkòrò, ni mo ń fọ́n sórí irun, mo á nù ún lórí tíṣù mímọ́, mo á jẹ́ kó gbẹ kí n tó lò ó. Èyí tó jẹ́ 70% ń pa kòkòrò ju 99% lọ, torí omi inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè fẹ́ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ojú, mo ní ju ẹyọ kan lọ. Ní ti igi tí a fi ń kun ìpéǹpéjú, ẹnì kan ni mo ń lò ó fún, mo á jù ú nù. Fífọ tọṣẹtọṣẹ ṣì di dandan lálẹ́. Ẹ̀yin tó jẹ́ ojú ara yín nìkan lẹ ń kùn, American Academy of Dermatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, ní kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárín ọjọ́ 7 sí 10.

Àǹtí tó béèrè, bó bá jẹ́ pé gbogbo irin ló yọ kúrò lára igi, ẹ jẹ́ kí méjèèjì gbẹ dénú, kẹ́ ẹ fi gúlúù epoxy lẹ̀ ẹ́, kó sùn mọ́jú. Tó bá jẹ́ inú irin ni irun ti ń tú jáde, ẹ má ṣe wàhálà lórí ẹ̀, ẹ ra òmíràn.